Kí Yunifásítì Tó Dé Kàbà, Ó Yẹ Kí Láàbù Ti Dé Ìyámoyè

Ní ọdún 2020, ìjọba Ìpínlẹ̀ Kogí dá Yunifásítì Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Confluence sílẹ̀ ní Òsárà. Ní ọdún 2023, ó tún dá òmíràn sílẹ̀ ní Kàbà. Ti Ányìgbá ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1999. Yunifásítì mẹ́ta ló wà lọ́rùn ìjọba ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo báyìí, láìka ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Lọ́kọ́ja láti ọdún 2011. Ayọ̀ ni ti Kàbà jẹ́ fún ilẹ̀ Okun, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn Owé, Ìjùmú, Ìyàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ti ń wo òdìkejì odò Ọya, tí wọ́n ń béèrè pé ìgbà wo ni yóò kan àwọn.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà ní SS2 ní Ìyámoyè lónìí, tó ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé ẹnjiníà lòun fẹ́ dà, kì í ṣe jíjìnnà yunifásítì ni ìṣòro rẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó lè parí ilé ẹ̀kọ́ girama láìfọwọ́ kan burette, láìwọn ohunkóhun pẹ̀lú vernier caliper, kó sì jẹ́ pé inú ìwé nìkan ló ti rí ohun tí wọ́n ń pè ní práktíkà. Kò sí yunifásítì tó lè tún èyí ṣe fún un lẹ́yìn tó bá ti ṣẹlẹ̀. Ibi tí owó àti ọgbọ́n yẹ kó kọ́kọ́ lọ nìyẹn, ibẹ̀ sì ni owó àti ọgbọ́n kò tíì dé tó.

Ojú ọ̀nà tó ti Kàbà lọ sí Òmùò-Èkìtì ni Ìyámoyè wà, ní ilẹ̀ Ìjùmú, lẹ́bàá ààlà Kogí àti Èkìtì. Ẹni tó bá wọ mọ́tò níbẹ̀ lè kọjú sí Kàbà, kó gba Ọbajànà dé Lọ́kọ́ja, kó sì máa lọ sókè títí dé Zaria. Ó sì lè kọjú sí Òmùò, kó gba Ìkọ̀lé àti Adó dé Àkúrẹ́. Ọ̀nà méjèèjì yìí ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń tọ̀ lọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Nígbà ìjọba ẹlẹ́kùnjẹkùn, abẹ́ Àríwá ni Kàbà wà, nítorí náà nígbà tí Yunifásítì Ahmadu Bello bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1962, ti àwọn ọmọ Okun náà ni. Lẹ́yìn náà ni Ìlọrin àti Mìnà ṣí, Àkúrẹ́ sì ṣí lọ́wọ́ ìsàlẹ̀, níbi tí èdè ti jọ èdè, tí ọmọ kò ti ní í wá ògbufọ̀ kó tó ra iṣu.

Àkúrẹ́ yìí ló yẹ kí ọ̀rọ̀ dúró lé díẹ̀, nítorí pé nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ni iṣẹ́ wọn, ó wà ní iwájú, ìtàn rẹ̀ sì ní ẹ̀kọ́ nínú fún Kogí. Láàárín ọdún 1980 sí 1983, ìjọba Shehu Shagari dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ méje sílẹ̀ kárí orílẹ̀-èdè, ti Àkúrẹ́ sì jẹ́ ti ọdún 1981. Owó epo ń wọlé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí owó náà fi já. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun Muhammadu Buhari fa mẹ́rin nínú méje náà wọ abẹ́ àwọn yunifásítì mìíràn: ti Abẹ́òkúta lọ sábẹ́ Èkó, ti Bauchi sábẹ́ Zaria, ti Makurdi sábẹ́ Jos, ti Yola sábẹ́ Maiduguri. Àkúrẹ́, Mìnà àti Òwèrrì nìkan ló dá dúró. Àwọn mẹ́rin náà padà dòmìnira nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ọdún tó ṣòfò ti ṣòfò. Ẹni tó bá ń ṣí yunifásítì kejì láàárín ọdún mẹ́ta yẹ kó rántí ọdún 1984.

FUTA, ìyẹn yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Àkúrẹ́ tó kù yìí, ṣe ohun tó yẹ kí gbogbo ọmọ ilé ìwé mọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, rọ́kẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ SpaceX gbéra ní Florida, ó sì gbé sátẹ́láìtì kékeré kan dání tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ NigeriaEduSat-1. Àpótí kóńkóló kan ni: ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi kìló kan, bíi àpò iyọ̀ kan. Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti FUTA wà nínú iṣẹ́ náà, pẹ̀lú Kyushu Institute of Technology ní Japan àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ghana, Mongolia àti Bangladesh, tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní sátẹ́láìtì tirẹ̀. Ní oṣù Keje, wọ́n tì í jáde láti inú ibùdó àgbáyé tó wà lójú òfuurufú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ayé po.

Tí ènìyàn bá sọ ìtàn yìí ní Ìyámoyè, ojú àwọn ọmọ yóò tàn. Ohun tí wọn kò ní í rí nínú ìtàn náà ni iye wákàtí tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà lórí bẹ́ǹṣì: ká fi iná jó wáyà tín-ín-rín mọ́ bọ́ọ̀dù láìba èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́, ká wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta kí òǹkà tó bára mu, ká tú ohun tí kò ṣiṣẹ́ ká tún un tò. Sùúrù ọwọ́ ni. Ọwọ́ kì í sì kọ́ sùúrù nínú ìwé.

Ọmọ tó bá wọ ipele kìíní níbẹ̀, tàbí ní Mìnà, tàbí ní Zaria, yóò bá mátì, físíìsì àti kẹ́mísìrì pàdé, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú práktíkà tirẹ̀. Olùkọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí burette jẹ́. Ó gbà pé gbogbo ẹni tó jókòó síwájú òun ti bá a ṣeré láti SS1. Àwọn tó ti ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ńlá ní Èkó tàbí Abuja wá mọ ibi tí wọn yóò wò, wọ́n sì mọ̀ pé ojú ní láti dọ́gba pẹ̀lú omi kí wọ́n tó ka òǹkà. Ọmọ tó ti abúlé wá ń wo ọwọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó gọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ ìṣirò ju ẹni tó ń wò lọ. Ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ń gbà, oṣù mẹ́fà nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní IT. Ẹni tó bá fi ọdún àkọ́kọ́ kọ́ ohun tó yẹ kó ti mọ̀, tó sì kó carry-over méjì mẹ́ta jọ, yóò máa fi ọdún mẹ́rin yòókù sáré lé ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ìjọba ti wá nǹkan ṣe sí i pẹ̀lú ètò ìgbaniwọlé. Lóòótọ́, nínú òfin tí wọ́n fi ń gba ọmọ sí yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìdá 45 nínú 100 jẹ́ ti ẹni tí máàkì rẹ̀ ga, 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí yunifásítì náà ká, 20 sì jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n kà sí ẹni ẹ̀yìn nínú ètò ẹ̀kọ́. Kogí wà nínú àwọn ìpínlẹ̀ ẹ̀yìn yìí. Ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn mọ́ àgbàlagbà Okun nínú, ó sì ní ìdí. Ọdún 1908 ni Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì ará Kánádà, ti dé Ẹ̀gbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ girama tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1951. Àwọn bàbá tó ń ta kòkó àti kọfí ní Ìjùmú fi owó oko rán ọmọ dé ibi tí àwọn fúnra wọn kò lè kà lórí máàpù. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ pé ẹ̀yìn ni àwọn wà.

Bó ti wù kó rí, ànfààní ni ìdá 20 náà, kí ẹni tó bá tọ́ sí lò ó. Àṣìṣe ibẹ̀ ni kí wọ́n rò pé ó tó. Ó lè dín máàkì ìwọlé kù; kò dín iṣẹ́ tó wà nínú kíláàsì kù. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá ti, tí ọmọ ti wọlé, ìdánwò kan náà ni òun àti ọmọ Èkó yóò ṣe. Bákan náà ni ẹ̀yáwó NELFUND tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2024: ó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń fún ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ fún un ní ₦20,000 lóṣù fún oúnjẹ. Iṣẹ́ rere ni. Ẹni tó bá ti wọlé ló wà fún. Ọmọ SS2 tí kò rí olùkọ́ físíìsì kò lè fi ẹ̀yáwó ra ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ yìí ló dunni jù. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìgbèríko ni kò ní olùkọ́ físíìsì mìíràn ju ọmọ agùnbánirọ̀ lọ. Ó dé, ó fi oṣù mẹ́ta mọ orúkọ àwọn ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn iṣẹ́, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tó ń sọ, ọdún pé, ó bọ́ kákí rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ. Físíìsì bá a lọ. Tí orí bá bá ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe, wọn yóò rán òmíràn wá. Tí kò bá bá wọn ṣe, ọmọ tó kàwé ìtàn ni wọn yóò rí gbà, wọn yóò sì gbé físíìsì lé e lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ yìí ti ṣe gudugudu méje láti ọdún 1973 tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó dára láyé tí wọ́n ti ń gbé ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta ka orí àlejò ọdún kan.

Nígbà tí ìdánwò WAEC bá kù díẹ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọn yóò sáré lọ ra kẹ́míkà díẹ̀, wọn yóò yá burette mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti ibòmíràn, wọn yóò sì fi ọjọ́ mélòó kan kọ́ ọmọ ní ohun tó yẹ kó kọ́ ní ọdún mẹ́ta. Práktíkà kì í ṣe àfikún nínú ìdánwò yẹn. Péépà odindi ni nínú físíìsì àti kẹ́mísìrì, máàkì rẹ̀ sì pọ̀. Ọmọ tí kò rí i rí ni wọn yóò kọ́ ní bí yóò ṣe kọ òǹkà tó dà bí òótọ́ sílẹ̀ láìwọn nǹkan kan. Àti ibẹ̀ sí jíjíwèé wò, ìgbésẹ̀ kan ni. Àwọn òbí tó lówó lọ́wọ́ yóò gbé ọmọ lọ sí mírákù sẹ́ńtà. Ọmọ náà yóò gba A nínú ohun tí kò mọ̀, A náà yóò sì tẹ̀lé e dé Àkúrẹ́ láti lọ dójú tì í.

Ẹ̀kùn tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ibi tí ìmọ̀ ẹ̀rọ jìnnà sí. Irin wà nínú òkè ní Itakpe. Ilé iṣẹ́ irin Ajaokuta, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1979, wà létí odò. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ọbajànà, ọ̀kan nínú èyí tó tóbi jù ní Áfíríkà, wà lójú ọ̀nà Kàbà sí Lọ́kọ́ja, ọmọ Ìyámoyè sì ń kọjá níwájú rẹ̀ nígbà gbogbo tó bá ń lọ Abuja. Tírélà rẹ̀ ń lọ, ń bọ̀ lọ́sàn-án lóru. Ìbéèrè tó yẹ kí àwọn àgbà ìlú máa bi ara wọn ni pé, nínú àwọn tó ń yẹ òkúta wò, tó ń ṣírò ooru inú ààrò, tó ń tún ẹ̀rọ ńlá ṣe níbẹ̀, mélòó ni yóò jẹ́ ọmọ tó kàwé ní Ìjùmú ní ogún ọdún sí àsìkò yìí?

Kẹ́mísìrì pàápàá kì í ṣe àlejò. Ní Ògìdì, nínú Ìjùmú kan náà, ni Nike Okundaye ti kẹ́kọ̀ọ́ aṣọ lọ́dọ̀ àwọn ìyá rẹ̀, kó tó di ẹni tí ayé mọ̀ nítorí àdìrẹ. Ohun tí àwọn aláró ń ṣe nínú ìkòkò kì í ṣe eré. Wọ́n ń gún ewé èlú, wọ́n ń sẹ́ omi eérú lé e lórí, wọ́n ń dúró kó kan. Aṣọ tí wọ́n bá rì sínú rẹ̀ kì í jáde ní aláwọ̀ aró. Àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ ní, kó tó di pé atẹ́gùn fẹ́ sí i, tí ó sì dúdú lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi oṣù kan kọ́ ọmọ nípa omi eérú àti ohun kíkan, nípa ohun tí atẹ́gùn ń ṣe sí kẹ́míkà, ó wà nínú ìkòkò ìyá àgbà. Ọmọbìnrin tó bá rí i bẹ́ẹ̀ kò ní í gbà fún ẹnikẹ́ni pé iṣẹ́ ọkùnrin ni sáyẹ́ǹsì.

Èyí fi hàn pé kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ń dúró de owó ìjọba. Olùkọ́ tó bá ní ìfẹ́ iṣẹ́ lè se ìṣápá pupa, kó bu omi rẹ̀ sínú ife mẹ́ta. Kó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, kó da omi kán-ún sí èkejì, kó fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ bó ṣe wà. Ti ọsàn yóò pọ́n yòò, ti kán-ún yóò di àwọ̀ ewé, àwọn ọmọ yóò sì pariwo. Kó so òkúta mọ́ okùn tó gùn ní mítà kan, kó fi i rọ̀ sára ẹ̀ka igi, kó ní kí wọ́n ka lílọ àti bíbọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún, kí ẹnì kan máa wo aago inú fóònù. Yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 30. Láti inú òǹkà yẹn ni wọn yóò ti ṣírò bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan mọ́ra, wọn yóò sì rí iye tí kò jìnnà sí 9.8 tó wà nínú ìwé wọn. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ rí òǹkà yẹn lábẹ́ igi máńgòrò kì í gbàgbé.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ìṣápá tan ara rẹ̀ jẹ. WAEC kò ní í gbé ìṣápá fún ọmọ nínú ìdánwò. Yóò gbé burette, pipette, lẹ́ǹsì, ammeter àti òṣùwọ̀n fún un, yóò sì fẹ́ kó lò wọ́n bí ẹni tó mọ̀ wọ́n. Láti ọdún 2015 ni ìdánwò JAMB, tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, náà ti di orí kọ̀ǹpútà pátápátá. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ máòsì yóò pàdánù àkókò kó tó pàdánù máàkì. Owó ni àwọn nǹkan wọ̀nyí, a kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu rà wọ́n.

Ṣé owó náà wà? Ó wà, ibi tó ń lọ ni ọ̀rọ̀. Kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ Okun tí kì í ṣe ọjọ́ ìlú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ní Abuja, Èkó, Lọ́ńdọ̀nù àti Houston kì í dáwó. Owó yẹn ti kọ́ gbọ̀ngàn, ó ti tún ààfin ṣe, ó ti fa iná dé ibi tí ìjọba kò fà á dé. Ohun tí kò wọ́pọ̀ ni kí ẹnì kan dìde nínú ìpàdé, kó ní owó ti ọdún yìí, òṣùwọ̀n mẹ́wàá àti burette 30 ni yóò rà. Wọn kì í kọ orúkọ ènìyàn sára burette bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára gbọ̀ngàn, bóyá ìdí nìyẹn.

Kò sì dìgbà tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ bá ní láàbù tirẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìyámoyè, Ẹ̀kìnrìn-Àdè àti Ìyàrà jọ wà ní ilẹ̀ Ìjùmú. Láàbù kan tó pé pérépéré, tó ní omi, tó ní iná oòrùn lórí òrùlé, tó ní olùkọ́ méjì àti ẹni tó ń tọ́jú irinṣẹ́, lè gba ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mẹ́fà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀, títí kan ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn òbí ń bẹ̀rù ọ̀nà nítorí àwọn ajínigbé, ẹ̀rù wọn sì tọ̀nà, nítorí náà kí mọ́tò ìjọba ìbílẹ̀ máa gbé àwọn ọmọ náà lọ, kó máa gbé wọn bọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Kò sí ohun tó ṣòro nínú èyí fún ìjọba tó lè dá yunifásítì méjì sílẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta.

Yunifásítì tuntun ní Kàbà náà ní ipa tirẹ̀, ipa náà sì lè jẹ́ ohun tó máa ya á sọ́tọ̀. Tó bá dúró de ọmọ tó gbáradì, yóò dúró pẹ́, tàbí kó máa gba ẹni tí kò gbáradì. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ó mú àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama tó yí i ká gẹ́gẹ́ bí ọmọ tirẹ̀, kí àwọn olùkọ́ rẹ̀ máa kọ́ àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ìgbèríko ní ìgbà ìsinmi, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa lọ ṣe práktíkà pẹ̀lú àwọn ọmọ SS. Ti Òsárà, tó jẹ́ pé ìmọ̀ ẹ̀rọ gan-an ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, tó sì wà nítòsí Itakpe, kò ní àwáwí kankan tí kò fi ní í ṣe bẹ́ẹ̀.

Oṣù Karùn-ún ni ìdánwò WAEC sábà máa ń gbóná jù. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó tún gé rìbọ́n ilé ẹ̀kọ́ gíga mìíràn, kí kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ wọ mọ́tò, kó gba Kàbà kọjá, kó dé Ìyámoyè àti àwọn ìlú ẹgbẹ́ rẹ̀, kó ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn láàbù fún òun, kó ka burette tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, kó sì béèrè orúkọ olùkọ́ físíìsì. Iye tó bá rí ni kó fi ṣe ìwé ìnáwó ọdún tó ń bọ̀.